Oògùn rheumatoid arthritis àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀: bí ẹ ó ṣe máa ṣọ́ méjèèjì pọ̀

Ìka ọwọ́ ni rheumatoid arthritis, irú làkúrègbé kan tó ń mú oríkèé wú, sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, ìka á ti wú, á le gbagidi, omorogùn ò ní ṣeé dì mú, ó sì lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọwọ́ tó tú. Tọ̀tún tòsì ló máa ń mú pọ̀, obìnrin ló sì ń mú jù. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún aláìsàn ni pé ọ̀rọ̀ náà ò mọ sí oríkèé. Àìsàn yìí ń dí ara lọ́wọ́ láti lo ṣúgà bó ṣe yẹ, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ náà sì ń dá sí i: òmíràn ń ti ṣúgà sókè, òmíràn ń fà á wálẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ínsúlínì ló ń sọ fún iṣan pé kó gba ṣúgà wọlé, òun náà ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó má tú èyí tó kó pamọ́ jáde. Nínú rheumatoid arthritis, àwọn ọmọ-ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà ló kọjú ìjà sí oríkèé, wọ́n á sì máa tú èròjà bíi TNF àti IL-6 sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé èròjà wọ̀nyí dé iṣan àti ẹ̀dọ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ ínsúlínì jẹ́. Ara á wá máa pèsè ínsúlínì púpọ̀ sí i kó lè rí iṣẹ́ kan náà ṣe. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń rí i ṣe, àyẹ̀wò ṣúgà lè dára. Ọjọ́ tí agbára rẹ̀ bá pin ni àtọ̀gbẹ yọjú. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ò bọ́ nínú rẹ̀, torí àìsàn yìí ń jẹ iṣan ara lọ, bẹ́ẹ̀ iṣan ló ń lo ṣúgà jù.

Ẹni tó bá fi oògùn tó tọ́ kápá àìsàn náà, ara rẹ̀ á tún máa gbọ́ ti ínsúlínì. Ẹni tó bá ń fi sitẹ́rọ́ìdì (oògùn bíi prednisolone) nìkan bo ìrora mọ́lẹ̀, ìrora á lọ lóòótọ́, ṣúgà á sì máa gòkè. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìyàtọ̀ méjèèjì yẹn ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tú àpò oògùn yín sílẹ̀

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò jáde sórí ẹní: èyí tí ilé ìwòsàn fún yín, èyí tí wọ́n wé sínú ọ̀rá ní kẹ́míìsì, àgbo inú ìgò, àti àgúnmu tí ẹ ń fi ògì gbígbóná mu. Ẹ ka orúkọ tó wà lára páálí gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ẹ ń pè é nílé.

Prednisolone, dexamethasone, methylprednisolone àti abẹ́rẹ́ triamcinolone: sitẹ́rọ́ìdì ni gbogbo wọn, wọ́n ń ti ṣúgà sókè. Wọ́n ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà jáde, wọn ò sì jẹ́ kí iṣan gbà á. Kí ẹ má fi bí horo ṣe kéré wọn agbára rẹ̀: dexamethasone 0.75 mg péré ló dọ́gba pẹ̀lú prednisolone 5 mg. Ẹni tó bá ń gbé dexamethasone 4 mg mì lójúmọ́, ó ń lo ohun tó tó prednisolone 26 mg, agbára rẹ̀ sì ń dúró nínú ara ju ọjọ́ kan lọ.

Methotrexate, hydroxychloroquine, sulfasalazine àti leflunomide: àwọn wọ̀nyí ló ń bá àìsàn náà fúnra rẹ̀ jà. Wọn kì í yára, wọn kì í sì í gbé ṣúgà sókè. Ti hydroxychloroquine tilẹ̀ yàtọ̀: ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2007 fi hàn pé àwọn aláìsàn rheumatoid arthritis tó lò ó kò ní àtọ̀gbẹ tó àwọn tí kò lò ó.

Diclofenac, ibuprofen, piroxicam: ìrora ni wọ́n ń pa. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kan ínsúlínì, àmọ́ wọ́n ń fa ọgbẹ́ inú, wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì ń ṣe kíndìnrín ní jàǹbá, pàápàá lára ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí oògùn inú ọ̀rá. Láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, kò sí ọjà tí ẹ ò ti ní rí horo mẹ́rin-márùn-ún tí wọ́n kó pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní oògùn làkúrègbé. Sitẹ́rọ́ìdì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Àwọn àgúnmu kan tó ń ṣiṣẹ́ bí idán náà, wọ́n ti po sitẹ́rọ́ìdì mọ́ ọn. Àmì rẹ̀ rèé: ìrora tó ti pẹ́ lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ebi ń pa yín ṣáá, oorun ò kùn yín lóru, ojú ń kún, ó ń rí roboto, ọjọ́ tí ẹ bá sì dáwọ́ rẹ̀ dúró, ìrora padà wá ní ìlọ́po. Tí ẹ bá rí mẹ́ta nínú wọn, ẹ gbé ọ̀rá náà tòun ti ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lọ bá dókítà. Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì dá a dúró lójijì. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Kí oògùn tó wọlé, ẹ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà àárọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan oúnjẹ, HbA1c (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn), ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, iye ẹ̀jẹ̀, àti hepatitis B. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù aránṣọ wọn ìbàdí yín: obìnrin tí tirẹ̀ ti tó 80 cm, tàbí ọkùnrin tí tirẹ̀ ti tó 94 cm, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ ti máa ṣe oríkunkun sí ínsúlínì kí prednisolone tó dé rárá.

Ṣúgà àárọ̀ tí kò tó 5.6 dára. Láti 5.6 dé 6.9 jẹ́ ìkìlọ̀. Tó bá di 7.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Mmol/L ni nọ́ńbà wọ̀nyí. Tí ẹ̀rọ yín bá ń kọ mg/dL, ẹ fi 18 pín in: 126 ni 7.0, 200 ni 11.1. Ti HbA1c, 5.7 dé 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ìkìlọ̀, 6.5 sókè jẹ́ àtọ̀gbẹ.

HbA1c ní ẹ̀tàn tirẹ̀ o, pàápàá níbi tiwa yìí. Ẹni tí jẹnótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ gbára lé e. Ẹni tó jẹ́ AS, kó sọ fún àwọn ará láàbù, torí ẹ̀rọ míì wà tí AS ń dà láàmú. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, tàbí tó ń lo sulfasalazine, tirẹ̀ lè kéré ju bó ṣe rí gan-an lọ. Lára àwọn wọ̀nyí, ẹ̀rọ tí a fi ń gún ìka ló ṣeé gbọ́kàn lé jù. Ìdí kejì ni pé ìwọ̀n oṣù méjì sí mẹ́ta ni HbA1c ń sọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ prednisolone ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ò lè tíì rí i níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yẹ ṣúgà wò ní ọ̀sán

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe, àti àwọn nọ́ọ̀sì míì pàápàá. Prednisolone tí ẹ lò ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni agbára rẹ̀ ń le jù. Tó bá fi máa di òru, ó ti rọlẹ̀. Ẹ lè yẹ ṣúgà wò ní àárọ̀ kí ẹ bá 5.2, kí inú yín dùn, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́yìn àmàlà ọ̀sán ó ti gun 13. Nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tàbí kí ẹ tó jẹun alẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ prednisolone tàbí tí wọ́n fi kún un, ẹ ṣe é lójoojúmọ́. Tí nọ́ńbà ò bá kọjá 10, ẹ lè dín in kù sí ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá ti ju 12 lọ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kí ẹ sì pe dókítà yín.

Gígún ìka tó ti wú ń fẹ́ ọgbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Oje máńgòrò tàbí ọsàn lára ìka á mú kí ẹ̀rọ kọ nọ́ńbà gíga tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ yan ìka tí oríkèé rẹ̀ ò wú ní ọjọ́ yẹn, kí ẹ gún ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kì í ṣe àárín tí a fi ń tẹ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fọwọ́ ra á láti àtẹ́lẹwọ́ wá sí ìka kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fún ìka náà pọ̀ pẹ̀lú agbára: á dùn yín, omi ara á sì dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Tí ọwọ́ ò bá lè ṣí ìgò strip (pélébé tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí fún ẹ̀rọ), ẹ ní kí ọmọ ilé bá yín ṣí i, kó sì dé e padà lójú ẹsẹ̀. Ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Ìlọrin ń ba strip jẹ́, nítorí náà kò gbọdọ̀ wà nínú mọ́tò tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Ibi tútù nínú yàrá ni kó wà, kì í ṣe inú fíríìjì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lo prednisolone bó ṣe yẹ, kí ẹ sì máa bọ́ kúrò lórí rẹ̀

A ò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún prednisolone. Oògùn tó ń kápá àìsàn náà gan-an ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kó tó hàn, èèyàn ò sì lè máa jẹ ìrora dúró dè é. Afárá ni prednisolone, ẹ má kọ́lé sórí rẹ̀. Ìlànà àwọn oníṣègùn oríkèé ti Yúróòpù ni pé kí wọ́n dín in kù kíákíá bó bá ṣe lè ṣeé ṣe, kí wọ́n sì gbìyànjú láti dá a dúró láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ẹ má pín in sí àárọ̀ àti alẹ́ àyàfi tí dókítà bá ní kí ẹ pín in, torí tàlẹ́ á ba oorun jẹ́, á sì jẹ́ kí ṣúgà ga mọ́jú. Ẹni tó bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ já a lójijì. Ara ń pèsè irú èròjà yìí fúnra rẹ̀. Tó bá ń rí i gbà láti ìta, iṣẹ́ yẹn á dákẹ́, kò sì ní jí lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá já a lójijì lè máa bì, kí òyì máa kọ́ ọ, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, kó dá kú. Dókítà ni yóò kọ bí ẹ ó ṣe máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, 2.5 mg tàbí 1 mg lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láàárín. Tí ibà líle bá mú yín, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń lò ó.

Abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń gún sínú orúnkún tàbí èjìká náà ń gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: methotrexate, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú, torí á pa ibi tí ara ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan, bóyá Jímọ̀ọ́ tàbí ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì kọ orúkọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára páálí. Horo 2.5 mg ló wọ́pọ̀, àmọ́ horo 10 mg náà wà. Tí wọ́n bá kọ 10 mg fún yín, horo mẹ́rin ti 2.5 mg ni, tàbí ẹyọ kan ti 10 mg; ẹ yẹ ara páálí wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra tuntun. Folic acid 5 mg ń tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ mìíràn.

Tí ibà tàbí àrùn inú ìtọ̀ bá mú yín, ẹ má gba Septrin ní kẹ́míìsì. Òun àti methotrexate kì í bára wọn gbé. Ọtí àti ògógóró ń pa kún ìyà ẹ̀dọ̀, ẹni tó sanra tó sì ní àtọ̀gbẹ, ọ̀rá ti lè wà nínú ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó lóyún, tàbí tó ń wá ọmọ, kò gbọdọ̀ lò ó rárá. Kó sọ fún dókítà ó kéré tán oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tí prednisolone bá ń lọ sílẹ̀, kí oògùn àtọ̀gbẹ náà máa bá a lọ sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń gbàgbé èyí. Wọ́n á fi ínsúlínì tàbí glibenclamide kún oògùn aláìsàn nígbà tí prednisolone wà ní 20 mg. Oṣù méjì lẹ́yìn náà prednisolone ti di 5 mg, hydroxychloroquine ti ń ṣiṣẹ́, oríkèé ti rọ̀, àmọ́ ìwọ̀n ínsúlínì ò yí padà. Ṣúgà á já wálẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dín prednisolone kù, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà: «Ti ṣúgà ńkọ́?» Hydroxychloroquine nìkan pàápàá lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù lára ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ.

Tí òógùn tútù bá bò yín, tí ara ń gbọ̀n, tí ebi òjijì dé, tí ọ̀rọ̀ sì ń dàrú mọ́ yín lẹ́nu, ẹ yẹ ṣúgà wò. Tí kò bá tó 4, ẹ jẹ kúùbù ṣúgà mẹ́rin tàbí kí ẹ fi omi po ṣíbí tíì mẹ́ta glúkóòsì mu. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò, kí ẹ tó wá jẹun.

Ti hydroxychloroquine, ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 5 mg lọ fún kílò kan lójúmọ́. Ẹni tó wọn kílò 60, 300 mg ni òpin tirẹ̀. Dókítà lè ní kó lo horo 200 mg kan lónìí, méjì lọ́la. Ẹ yẹ ojú wò láàárín ọdún àkọ́kọ́, tó bá sì ti pé ọdún márùn-ún, kí ẹ máa lọ lọ́dọọdún.

Àwọn abẹ́rẹ́ tó ń dènà TNF tàbí IL-6 náà ń mú kí ara gbọ́ ti ínsúlínì dáadáa sí i, àmọ́ owó wọn ga. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò kí wọ́n tó gún un, torí ó lè jí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn sínú ara.

Ààwẹ̀ Ramadan

Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú, kì í ṣe nígbà tí oṣù bá ti lé. Tí prednisolone bá ṣì wà, lílò ó pẹ̀lú oúnjẹ sààrì ló sábà dára jù. Tí ẹ bá lò ó nígbà ìṣínu, agbára rẹ̀ á pàdé ògì, àkàrà, èso àti gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé wá láti ilé ìyá àgbà, ṣúgà á ga mọ́jú, oorun ò sì ní wá. Diclofenac àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú òùngbẹ ń fìyà jẹ kíndìnrín. Ẹ bèèrè ohun tí ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀. Gígún ìka kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Tí ṣúgà bá wá sílẹ̀ ju 3.9 lọ, tàbí tó kọjá 16.7, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, kódà kó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pe ìrun.

Oúnjẹ àti ìrìn

A ò ní pẹ́ níbí. Àmàlà kì í ṣe ọ̀tá. Bó ṣe pọ̀ tó ni. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ àti wàràkàṣì kún un. Fùrá tí wọ́n da ṣúgà sí àti mọ́líìtì ń gbé ṣúgà sókè kíákíá lẹ́yìn prednisolone. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iṣan ẹsẹ̀ ń gba ṣúgà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kódà tí ínsúlínì ò bá rí ṣe tó. Ọjọ́ tí oríkèé ẹsẹ̀ bá wú gan-an, ẹ jókòó sórí àga kí ẹ máa na ẹsẹ̀ kí ẹ sì máa ká a. Kí ẹlòmíràn gún iyán.

Ìwé tí ẹ ó gbé lọ

Ẹ ya ìlà mẹ́rin sínú ìwé kékeré: ọjọ́, iye prednisolone, ṣúgà àti agogo tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, àti bí ìka ṣe pẹ́ tó kó tó tú ní àárọ̀. Tí nọ́ńbà ṣúgà bá ń ga tí prednisolone ò sì yí padà, ẹ wo ìlà kẹrin: bóyá àìsàn náà ló tún ń jà. Ẹni tó wà ní Ọ̀ffà, Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Òmù-Àrán lè gba ìwé láti ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn lọ sí UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òyì. Ìwé kékeré yìí ni kó bá a lọ, pẹ̀lú gbogbo páálí oògùn.

Ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn tí ṣúgà bá kọjá 15 tí òùngbẹ ń gbẹ yín tí ẹ sì ń bì. Tí ibà tàbí ọ̀nà ọ̀fun dídùn bá mú ẹni tó ń lo methotrexate. Tàbí tí oríkèé kan ṣoṣo bá gbóná, tó pọ́n, tó wú ju àwọn yòókù lọ tòun ti ibà. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.